Ẹni tí Etí Rẹ̀ Di àti Ẹ̀rọ Tẹlifóònù

Ìwọ òǹkàwé mi, bí a bá bi ọ́ léèrè ohun tí a ṣe tẹlifóònù fún, láìsí àní-àní ìwọ yóò dáhùn pé kí àwọn tí ó jìnnà síra wọn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Ìdáhùn náà dára. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kejì: bí etí ẹnì kan bá di, ǹjẹ́ ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà bí?

Àrùn àjogúnbá kan wà tí a ń pè ní NF2. Kókó a máa hù sára iṣan tí ń gbé ìró láti inú etí lọ sí ọpọlọ, ní ọ̀tún àti ní òsì. Àwọn kókó wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n wọn a máa tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń yọ wọ́n pàápàá lè mú ìgbọ́ràn lọ. Nígbà tí ènìyàn tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí wọ́n sì ń wá àfẹ́sọ́nà, ni etí tirẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀, ó ti mọ orin, ẹnu rẹ̀ sì lè máa sọ̀rọ̀ geere, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ó dáhùn. Ẹ̀rọ tí ń mú ìró ròkè kì í ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ọ̀nà ni ó bàjẹ́, kì í ṣe ìró ni ó kéré.

Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ tẹlifóònù ní 1876. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, adití sì ni aya rẹ̀. Síbẹ̀ ó di 1964 kí Robert Weitbrecht ní California, onímọ̀ físíìsì tí òun náà jẹ́ adití, tó wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò fi gba ojú wáyà tẹlifóònù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 sì pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pé kí wọ́n pèsè alágbàsọ, ẹni tí yóò ka ohun tí adití bá tẹ̀, tí yóò sì tẹ èsì padà fún un. Ẹni tí NF2 ń ṣe, tí ẹnu rẹ̀ ṣì já geere, lè fi ohùn ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, kí ó sì fi ojú ka èsì. Lónìí fóònù inú àpò náà lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu ẹni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá wa lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n, èé ṣe tí èmi yóò fi bá wọn san owó alágbàsọ?” Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ àánú ni èyí rárá. Ṣáájú tẹlifóònù, kò sí adití tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò lè gbé e. Àwa ni a kó ọ̀rọ̀ báńkì, ti ilé ìwòsàn àti ti iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ yìí. Bí ènìyàn bá kọ́lé dí ọ̀nà tí ìlú ń tọ̀, tí ó sì la òmíràn fún wọn, a kì í sọ pé ó ṣàánú. Gbèsè ni ó san.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ju owó lọ ni ti àṣírí, nítorí ẹni tí ń bá dókítà tàbí aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ ń gba ọwọ́ àjèjì kọjá. Òfin náà de alágbàsọ: kò gbọdọ̀ tú ọ̀rọ̀ síta, kò sì gbọdọ̀ yí i padà. Bí ẹni òdìkejì bá bú adití, èébú náà gan-an ni yóò tẹ̀. Àwa Yorùbá a máa wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Níhìn-ín, òwe náà kò bá a mu. Ẹni tí a ń bu ọ̀rọ̀ kù fún, ọmọdé ni a fi í ṣe.

Nítorí náà, bí o bá gbé tẹlifóònù lọ́jọ́ kan, tí ohùn àjèjì kan sọ fún ọ pé òun ń gbọ̀rọ̀ sọ fún ẹlòmíràn, má ṣe rò pé gbájúẹ̀ ni kí o sì gbé e sílẹ̀. Má sì ṣe wí pé, “Bá mi sọ fún un pé.” Adití náà ni kí o kí, kí o sì dúró títí yóò fi kà á tán.