Ta ni Ó Ni Àṣẹ Lórí Fèrèsé Ojú Kọ̀ǹpútà?

"Àgò onílé o!" ni àlejò tí ó mọ ẹ̀tọ́ ń ké kí ó tó wọlé. Bí onílé kò bá tíì dáhùn pé "Àgò yà", ẹnu ọ̀nà ni àlejò yóò dúró sí. Àṣà yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn kan tí ó jọ ohun kékeré: ta ni ó yẹ kí ó pinnu fèrèsé tí yóò wà lókè lójú kọ̀ǹpútà?

Fèrèsé ni àyè onígun mẹ́rin tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń hàn. Nínú Windows àkọ́kọ́, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 1985, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn fèrèsé iṣẹ́ ń wà. Ní ọdún 1987 ni ẹ̀dà kejì jẹ́ kí wọ́n máa gorí ara wọn, bí ìwé ti ń gorí ìwé lórí tábìlì. Níbi tí nǹkan bá sì ti ń gorí ara wọn, ọ̀kan ni yóò bo èkejì.

Kí á wo olùkọ́ kan tí ó ń tẹ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ wà lára ìwé tí ó ń wò kọ. Lójijì, fèrèsé mìíràn yọ síwájú, ó ń béèrè bóyá kí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀ kí ó sì tún ara rẹ̀ tàn. Bọ́tìnnì tí olùkọ́ tẹ̀ láti bọ́ sí ìlà tí ó kàn di ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Máàkì tí kò tíì fi pamọ́ ṣègbé. Ohun tí kò rí ni ó fọwọ́ sí.

Àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní àwíjàre. Bí agbára bátìrì bá fẹ́ẹ́ tán, wọ́n ní ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Bí ètò méjì bá ní àwọn ni yóò wà lókè nígbà gbogbo, ọ̀kan kò ní ṣàì wà lábẹ́. Ẹni tí ń du ipò kò lè ṣe adájọ́ ipò.

Ohun méjì ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀: kí fèrèsé hàn lókè, àti kí ó gba ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀. X Window System, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní ọdún 1984, ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì fi ipò fèrèsé sí ìkáwọ́ alábòójútó tí oníkọ̀ǹpútà lè fi òmíràn rọ́pò. Láti Windows 98 ni Microsoft náà ti dín agbára àwọn ètò kù: èyí tí kò ní àṣẹ láti bọ́ síwájú, bọ́tìnnì rẹ̀ ni yóò máa ṣẹ́jú nísàlẹ̀. Nínú Wayland, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, ẹ̀bẹ̀ ni ètò ń bẹ alábòójútó kí fèrèsé rẹ̀ tó lè bọ́ síwájú.

Oníkọ̀ǹpútà ni onílé. Alábòójútó ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ètò ni àlejò. Àlejò tí onílé fúnra rẹ̀ pè, kí ó wọlé tààrà. Èyí tí a kò pè, kí ó ké àgò: kí ó dún, tàbí kí ó ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gbóná bí iná, kí ó hàn lókè, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gba iṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ onílé. Ìdáhùn tí a gbà lẹ́nu ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kì í ṣe ìdáhùn.