ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Nígbà Tí Ọmọ Bá Béèrè Ìdí

  

Ibi kíkà wa lónìí ni 1 Pétérù 3:15-16. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ kà á fúnra yín kí ẹ tó máa bá mi bọ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí mo ti rí i pé tí mo bá ti kọ ọ́, a kì í ṣí ìwé náà mọ́.

Àwọn tí Pétérù ń bá sọ̀rọ̀, àtìpó ni wọ́n. Wọ́n fọ́n káàkiri Pọ́ńtù, Gálátíà, Kapadókíà, Éṣíà àti Bítíníà, láàárín àwọn aládùúgbò tí ìgbé ayé wọn ń yà lẹ́nu, tí wọ́n sì ń sọ wọ́n láìdáa. Àwọn wọ̀nyí ló ní kí wọ́n múra sílẹ̀ láti dá ẹni tó bá bi wọ́n nípa ìrètí wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò fún ìdáhùn yẹn, apologia, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Ohun tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn máa ń dìde sọ láti ṣàlàyé ara rẹ̀ ni. Ẹni tó wà níwájú adájọ́ kò lè bínú sí ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ ní yunifásítì. Láràárọ̀ ló ń fi àdúrà, orin àti fídíò ìwàásù ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kan, ọmọ fèsì: "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Gbogbo wa la gbàdúrà fún Dádì, Dádì ṣì kú." Kíá ni ìyá dáhùn: "Ẹ̀mí tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ yẹn, mo lé e jáde lórúkọ Jésù!" Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò béèrè nǹkan kan mọ́. "Àmín, Ma" nìkan ló ń kọ. Ìyá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀mí wo ló wà níbẹ̀? Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ ni.

Ẹ wo Jòhánù orí 11. Màtá sọ fún Jésù pé ká ní ó wà níbẹ̀ ni, arákùnrin òun kì bá tí kú. Màríà náà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ẹ̀hónú gidi nìyẹn! Jésù kò bá èyíkéyìí nínú wọn wí. Ó bá Màtá sọ̀rọ̀ àjíǹde. Nígbà tó rí ẹkún Màríà, òun náà sunkún. Ìbéèrè kan náà ni, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó nílò àlàyé, ó sì mọ ẹni tó nílò omijé. Tí ìyá yẹn bá ti kọ̀wé pé, "Ọmọ mi, èmi náà ò mọ ìdí tí Dádì fi lọ, mo ṣì ń bi Ọlọ́run," ìgbàgbọ́ wo ló máa bàjẹ́?

Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ìdáhùn mìíràn lórí fóònù wọn. Ẹnì kan máa sọ ọ́ tó dán mọ́rán pé ẹ̀sìn òyìnbó ni èyí. Ṣé a lè dá wọn lóhùn? Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8 ní ìdáhùn: ìwẹ̀fà ará Etiópíà ti gba Jésù, ó sì ti lé ní 1700 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Ẹ sì wo bí Fílípì ṣe bá a sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun tó ń kà yé e. Ó gòkè, ó jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ibi tí ọkùnrin náà ti ń ka Aísáyà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó gba sùúrù o. Àlùfáà ni Àjàyí Crowther nígbà tó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n. Ọdún 1848 ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún ìyá, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Àlùfáà o, ìyá rẹ̀ sì ni!

(Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní ká fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aburú á dé, ẹ bá mi pa wọ́n rẹ́. Ìbẹ̀rù tí Pétérù ń sọ kọ́ nìyẹn.)

Lónìí, ẹ má fi àṣàrò yìí ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí àbúrò yín tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹ pè é. Ẹ béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Àdúrà: Jésù Olúwa, ìwọ tí o sunkún ní Bẹ́tánì, fún wa ní etí lónìí. Àwọn tó ti dákẹ́ nílé wa, jẹ́ kí wọ́n tún lè bi wá léèrè. Àmín.