Èdè Ta Ni Ọmọ Yóò Kọ́? Ọ̀rọ̀ Anthony Enahoro ní Ilé Aṣòfin ní ọdún 1961

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ti ń bá èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹjọ́: pé ó gba ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó gba ilé-ẹjọ́, ó gba ilé aṣòfin. A jàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ yìí, ẹni tí a ṣẹ̀ ni a máa ń pe ara wa nígbà gbogbo. Ó ṣọ̀wọ́n kí á bi ara wa léèrè bóyá ẹnìkan wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí ó lè pe èdè Yorùbá lẹ́jọ́. Ọkùnrin kan pè é ní gbangba, ní Èkó, ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1961. N kò rò pé a ti fún un lésì tí ó péye títí di òní.

Ní ọjọ́ náà, àbá kan wà níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ìjọba àpapọ̀. Àbá náà ní kí Ilé fi ọwọ́ sí kíkọ́ èdè Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn èdè mìíràn ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri Nàìjíríà, pẹ̀lú èrò pé kí á sọ ọ̀kan nínú wọn di èdè ìjọba láìpẹ́. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún kan ni. Bí a bá wo àbá yìí láti ibi tí àwa jókòó sí, ohun tí a ti ń fi omijé tọrọ ni. Enahoro dìde, ó sì takò ó.

Ta ni Enahoro? Ọmọ Uromi ni, ní ilẹ̀ Esan. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó di olóòtú ìwé ìròyìn nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún, àwọn òyìnbó sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun náà ni ó gbé àbá kalẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953 pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹgbẹ́ Action Group ni ó wà, ìyẹn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù láàárín àwọn Yorùbá. Ìbàdàn ni olú-ìlú ẹkùn tí Uromi wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ọdún 1963 ni wọ́n tó dá ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wí. Ó kan àwọn tí ó ń bá a jókòó ní ìhà kan náà nínú Ilé.

Kókó méjì ni ó fi jà. Èkíní, ó ní gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti inú ẹ̀yà kékeré wá, ó dun òun pé àmì ń hàn lemọ́lemọ́ pé àwọn kan fẹ́ fi àṣà wọn, èdè wọn, àní ìgbé-ayé wọn pàápàá, lé àwọn ẹ̀yà kéékèèké lórí. Èkejì, ó ní àwọn ènìyàn òun ní èdè tiwọn, tí ó ti ń ti ìran dé ìran bọ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún; pé nígbà tí Benin àti Pọ́túgà ń rán ikọ̀ sí ara wọn, púpọ̀ nínú àwọn èdè Nàìjíríà òde òní kò tíì sí. Báwo ni wọn yóò ṣe wá fi tiwọn lé wa lórí nítorí pé òyìnbó kó wa pọ̀ sójú kan?

Ẹ jẹ́ kí á mú kókó kejì yẹn ṣáájú, nítorí pé òun ni ó dùn létí jù, òun náà ni kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èdè Yorùbá ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí Pọ́túgà tó mọ ọ̀nà Benin ní ìparí sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni orúkọ kan ṣoṣo tí a fi kó àwọn ẹ̀ka-èdè pọ̀, àti èdè àkọsílẹ̀ tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. (Bóyá ohun tí ó ní lọ́kàn nìyẹn, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.) Èyí tí ó ṣòro jù ni pé bí ọlá èdè bá wà lọ́wọ́ ìjọba ńlá tí àwọn tí ń sọ ọ́ ti dá sílẹ̀ rí, kí ni a ó sọ fún àwọn tí kò ní ọba aládé, tí kò rán ikọ̀ sí ibì kankan? Èdè tí ó lé ní 500 ni ó wà ní Nàìjíríà, díẹ̀ péré nínú wọn ni ó sì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ògo Benin pàápàá, Enahoro yá a lò ni. Uromi ti bá ọba Benin jagun rí.

Ṣùgbọ́n kókó kìíní kò gbára lé ìtàn kankan. Ohun tí ó sọ ni pé kò tọ́ kí ẹnìkan fi ohun tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí, ìbáà jẹ́ ohun rere. Bí ó ti rí ní ọdún 1953 náà nìyẹn: a kò sọ pé òyìnbó kò lè ṣe ìjọba, a ní tiwa ni kí á ṣe. Mo ti gbìyànjú láti wá ọ̀nà tí ènìyàn yóò fi gba ti 1953 kí ó sì kọ ti 1961. N kò rí i.

Ẹnìkan yóò ní kíkọ́ni kì í ṣe ìfipá-múni, pé ẹni tí ó gbọ́ èdè méjì sàn ju ẹni tí ó gbọ́ ẹyọ kan. Òtítọ́ ni, bí àbá náà bá dúró síbẹ̀. Ìrù àbá náà ni ó ní oró: pé ọ̀kan nínú wọn yóò di èdè ìjọba. Èdè ìjọba ni èdè ìdánwò, èdè iṣẹ́, èdè tí adájọ́ fi ń dájọ́. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n mú, ọmọ Ọ̀yọ́ yóò bá èdè ìyá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ọmọ Uromi yóò sì máa wá a kiri bí ẹni tí ń wá ilé ní ìlú onílùú. Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, di ẹrù kan náà lé àwọn méjèèjì lórí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fara mọ́ ọn, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ òyìnbó.

Ibi tí mo ti yapa sí Enahoro nìyí. Ẹrù náà kò dọ́gba bí ó ti dà bí ẹni pé ó dọ́gba. Òun fúnra rẹ̀ kàwé ní King's College ní Èkó. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò kúrò ní Uromi kò rí irú ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì la ilẹ̀ Esan sí méjì, ó la ilẹ̀ Yorùbá sí méjì, láàárín ẹni tí ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹni tí kò ní. Ǹjẹ́ ẹni tí ó bá kọ ohun kan gbọ́dọ̀ fi òmíràn dípò rẹ̀? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilé rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àwòrán ilé tuntun. Ṣùgbọ́n aṣòfin kì í ṣe onílé nìkan.

Ohun tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ìjọba kò gbọ́ ọ, kò sì gbọ́ àwọn tí ó takò. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti 1977 ní kí ọmọ kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńlá mẹ́ta náà yàtọ̀ sí tirẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1979, àti abala 55 nínú ti 1999, fi àyè gba èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò tí ó yẹ bá ti wà. Ètò náà kò wà títí di òní. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, láìsí ariwo, Kay Williamson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kíkà fún àwọn èdè kéékèèké ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àkókò kan náà tí Fafunwa ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Ifẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà. Ti Ifẹ̀ ni a máa ń sọ nínú àpérò wa. Ti Rivers ni ó dá Enahoro lóhùn. Ìlànà èdè ti 2022 gbìyànjú láti mú irú rẹ̀ kárí gbogbo ilẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi lọ. Gbogbo wa ni a jọ pàdánù, àwa àti àwọn Esan.

A ké sí ìkéde yẹn, ó sì yẹ kí á ké. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 2018, àtẹ́wọ́ ni a pa, èmi náà pa á. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Badagry wà, níbi tí àwọn tí a ń pè ní Ègùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ogu, ti ń gbé láti ìgbà pípẹ́. Yorùbá ni ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní èdè abínibí fún wọn.

Mo kọ́ni ní agbègbè náà fún ìgbà díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í fèsì nígbà ẹ̀kọ́ Yorùbá, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní aláìgbọ́ràn. Ní ọjọ́ kan mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń pe omi nílé. Ó sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sójú pátákó bí etí mi ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú àmì ohùn Yorùbá. Ó wò ó títí, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú, ohun tí ẹ kọ yẹn kọ́ ni mo sọ.” Ó tún un sọ. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, ó tún mi orí.