Ìdájọ́ Ẹ̀sìn Ìsìláàmù lórí Fífi Igbó Ṣe Oògùn

Ní ọdún 2020, Òfin 1019 ti orílẹ̀-èdè Ghana fàyè gba fífún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti gbin igbó fún iṣẹ́ ọnà àti ìwòsàn, bí èròjà THC inú rẹ̀, èyí tí ń pa ènìyàn bí ọtí, kò bá ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé abala náà ní oṣù keje ọdún 2022, nítorí pé ilé aṣòfin kò jíròrò lórí rẹ̀. Òfin mìíràn dá a padà ní ọdún 2023. Ìbéèrè wá dé ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí tí ń gbé Santasi ní Kumasi: ṣé ohun tí ìjọba gbà láàyè ti di halálì nìyẹn?

Ìwé àṣẹ ìjọba kì í ṣe fatwa. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka gbogbo ohun tí ń pa ènìyàn mọ́ ọtí, ó sì sọ fún Tariq ọmọ Suwayd pé àrùn ni ọtí, kì í ṣe oògùn. Èyí ni Ibn Taymiyyah (ó kú ní 1328) dì mú tí ó fi ka igbó mọ́ ọtí gan-an. Ṣùgbọ́n al-Qarafi (ó kú ní 1285), àgbà onímọ̀ nínú mazhab Maliki, ní igbó ń ba làákàyè jẹ́ ni, kì í ṣe ọtí. Nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba tí kò kan làákàyè kì í ṣe èèwọ̀.

Làákàyè ni ìdájọ́ náà ń dáàbò bò, kì í ṣe orúkọ ewé. Ní ọdún 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex fún oríṣi wárápá líle méjì tí ń ṣe ọmọdé. Inú igbó ni wọ́n ti yọ èròjà CBD tí a fi ṣe é, èròjà náà kì í sì í pa ènìyàn. Ìyá tí ó bá fún ọmọ rẹ̀ ní irú oògùn yìí kò jọ ẹni tí ń fa igbó.

Àwọn àáfà tí ń bẹ̀rù pé èyí yóò ṣílẹ̀kùn ìbàjẹ́ kò ṣìnà, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni yóò fẹ́ pe "wee" ní oògùn ìrònú. Nítorí náà ni májẹ̀mú fi wà: kí dókítà olóòótọ́ tí ó mọ iṣẹ́ júwe rẹ̀, kí oògùn halálì tó lè rọ́pò rẹ̀ má sí, kí ó má sì kọjá ìwọ̀n àìsàn. Ẹni tí ó sọ fífa igbó di halálì nítorí òfin 2023 ti tàn àwọn ènìyàn jẹ; ẹni tí ó sì fi orúkọ igbó gba oògùn lẹ́nu ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ ti ni aláìsàn lára. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.