Ilé Là Ń Wò

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Ilé ibẹ̀ kì í ṣe ògiri; ìran, iṣẹ́ àti òrìṣà ìdílé ni. Ọmọ onílù ní ń jẹ́ Àyántúndé, ọmọ ọdẹ a jẹ́ Ọdẹ́wálé.

Àwọn àgbà wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Etí-Ọ̀sà ní Èkó: létí ọ̀sà ló wà lóòótọ́. Ṣàngótẹ̀dó: orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé Ṣàngó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Òǹkọ̀wé tó ń wá àṣà agbègbè yìí, orúkọ ni kó kọ́kọ́ kà.

Lónìí, àwọn tó ń kọ́lé tà a da iyanrìn sí àbàtà, wọ́n a gbé géètì sí i, wọ́n a fún un lórúkọ òyìnbó. Ilé ta ni wọ́n wò? (Èmi ò mọ̀ o.) Síbẹ̀, ní Ajah, àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kì í pe orúkọ géètì. "Ṣàngótẹ̀dó! Ṣàngótẹ̀dó!" ni wọ́n ń ké.