Ìka Ló Wà, Àyà Ni Mo Ń Sọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan báyìí, a jí, ara wa yá gágá, a tilẹ̀ ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ìgbà tí a wo aago ọwọ́ wa ni a tó mọ̀ pé a kò sùn dáadáa. Máàkì 61 nínú 100 ni aago fún wa. Bí ara ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo nìyẹn. Kí ó tó di aago mẹ́wàá, a ti ń yán, a ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa níbi iṣẹ́ pé oorun alẹ́ àná kò dára rárá. Látijọ́, ọmọ ilé ló máa ń kúnlẹ̀ béèrè pé ṣé ẹ sùn dáadáa, ẹni tó sùn ló sì máa ń dáhùn. Ní báyìí, ẹni tó sùn gan-an ló ń béèrè lọ́wọ́ aago.

Ohun tó sì dùn wá níbẹ̀ ni pé àwa tí à ń fi kíkọ áàpù jẹun yìí mọ bí wọ́n ṣe ń se irú máàkì bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kí yíyí ara lórí bẹ́ẹ̀dì kó iye báyìí, kí lílù ọkàn kó iye báyìí, ó rò wọ́n pọ̀, ó pín in. A ti ṣe irú rẹ̀ rí fún áàpù kan tó ń wọn bí àwọn èèyàn ṣe ń san gbèsè. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tí ebi ń pa wá la mú un. Síbẹ̀, tí nọ́ńbà bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá, a máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ìròyìn ìlera náà ò yàtọ̀. Ẹ wo ti ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́. Àwa náà ti yí pálọ̀ ká rí ní aago mọ́kànlá alẹ́ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, nítorí pé ó ku 312 kó pé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Japan tó ń jẹ́ Yamasa ló gbé ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ jáde ní 1965, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Tokyo. Manpo-kei ni wọ́n pè é, ìyẹn ni ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ 10,000. Orúkọ ọjà ni o! Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ka ìṣísẹ̀ àwọn ìyá àgbà tó lé ní 16,000 ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, wọ́n rí i pé ikú kò pa àwọn tó ń rìn bíi 4,400 lójúmọ́ tó àwọn tó ń rìn bíi 2,700, àti pé tó bá ti dé nǹkan bíi 7,500, àfikún kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá mọ́. Ewúrẹ́ ìbá ti lọ sùn.

Ní oṣù keje ọdún 2023 ńkọ́, nígbà tí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ní àjọ ìlera àgbáyé ní ó ṣeé ṣe kí aspartame, adùn tí wọ́n ń fi sínú mínírà aláìní ṣúgà, máa fa jẹjẹrẹ? Àǹtí wa kan ti sá kúrò nídìí mínírà yẹn tipẹ́, omi ewé aloe vera ló kù tí wọ́n ń mu. A yẹ ìwé náà wò: omi tí wọ́n fún láti ara odindi ewé aloe vera wà nínú ìsọ̀rí kan náà gan-an. Àǹtí wá béèrè pé kí ni kí àwọn wá máa mu. A ní kí wọ́n mu omi. Wọ́n ní omi wo, ti inú ọ̀rá àbí ti kànga? A pa fóònù.

Gbogbo èyí, ẹ̀rín ni. Ẹni tó fi ìṣísẹ̀ 2,500 lé e kò pàdánù nǹkan kan. Ọ̀kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rín, òun gan-an la sì fẹ́ sọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ìgbì Kòrónà ẹlẹ́ẹ̀kejì ń jà ní Èkó, bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n nígbà náà, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Àwa ọmọ dá owó jọ, a ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi há ìka, èyí tí wọ́n ń pè ní oximeter, tó ń sọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, a ó fi há ìka wọn, a ó ya fọ́tò, a ó gbé e sórí gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp. 95. 94. 95. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì ránṣẹ́, ìyẹn ni pé ọpẹ́ ló yẹ Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ní, “Èémí mi ò dé ìsàlẹ̀.”

A wo ẹ̀rọ. A ní, “Bàbá, 94 ni. Ó dáa.”

Wọ́n tún un sọ pé èémí àwọn ò dé ìsàlẹ̀. A ní ẹ kú ara líle, pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ni wọ́n bá wo ìka ara wọn bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, wọ́n ní, “Ẹ̀rọ yẹn, ìka ló wà. Àyà ni mo ń sọ.”

A rẹ́rìn-ín. A gbé ọ̀rọ̀ náà sórí gúrúùpù, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. A tilẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú ìka kọjá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ẹ ṣé. Fún ọjọ́ méjì gbáko, wọn ò tún sọ ọ̀rọ̀ èémí sí wa létí mọ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá kí wọn. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòmú, wọ́n ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ lánàá?” Bàbá ní, “Mo jẹ... àmàlà... mo fi ewédú...” Màmá ò béèrè ẹ̀rọ, wọn ò béèrè nọ́ńbà. Wọ́n kọjú sí wa, wọ́n ní, “Ẹ lọ gbé mọ́tò.”

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ọrùn ọwọ́ bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ní ọ́síjìn wọn kò tó 88. Ẹ̀rọ tiwa ṣì wà lórí ìka, ó ń kọ 93. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wà lórí ọ́síjìn kí wọ́n tó padà wálé. Wọ́n yè é. Títí dòní, wọ́n máa ń dúró láàárín àtẹ̀gùn ilé bí ẹni tó rántí nǹkan.

Lẹ́yìn tí ọkàn wa balẹ̀ la tó rí ìròyìn tó yẹ ká ti rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, New England Journal of Medicine, pé àwọn fi ohun tí ẹ̀rọ ìka sọ wé ohun tí ẹ̀jẹ̀ gan-an sọ. Nínú àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀rọ ní iye wọn wà láàárín 92 sí 96, bíi 12 nínú 100 ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 88. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun, kò tó 4. Oṣù kan ṣáájú kí a tó sọ fún bàbá wa pé ẹ̀rọ kì í purọ́ nìyẹn. Àwa tí kò sí ìròyìn fóònù tuntun tó ń fò wá! Kódà, Amal Jubran àti Martin Tobin ti kọ ohun tó jọ ọ́ ní 1990, nígbà tí àwọn kan nínú wa kò tíì rá kòrò.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Takuo Aoyagi, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ará Japan, ló ronú kàn án. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹ̀rọ rẹ̀ rà. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń gba ìka kọjá, pupa kan, àti ọ̀kan tí ojú kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tó rí ọ́síjìn gbé àti ẹ̀jẹ̀ tí kò rí gbé kì í gbé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì mì bákan náà. Ẹ̀rọ á wo èyí tó kọjá, á fi ọ̀kan pín èkejì. Ohun tó rí kò ju ìyẹn lọ. Kò rí ọ́síjìn. Kó tó lè sọ èsì ìpín náà di 94, àfi kó wo àtẹ ìṣirò kan tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe rí àtẹ náà? Wọ́n kó àwọn tó fara wọn sílẹ̀ jọ, àwọn tí ara wọn le, wọ́n ń dín ọ́síjìn tí wọ́n ń mí kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọ̀ dúdú náà a sì máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Nínú ìlànà tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, èèyàn mẹ́wàá tó fún ìdánwò ẹ̀rọ, kí méjì nínú wọn, tàbí 15 nínú 100, èyí tó bá pọ̀ jù, jẹ́ ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa. Méjì! Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ìka oníìka la fi ń wọn bàbá wa.

Nítorí náà, ẹ̀rọ kò purọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló kà. Kò fi ìgbà kankan sọ pé bàbá kò ní nǹkan kan. 94 ló sọ. Àwa la túmọ̀ 94 sí “ẹ jókòó síbẹ̀.”

Àwọn onímọ̀ èrò méjì, Barry Hallen àti J. O. Sodipo, kọ ìwé kan ní 1986 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n kíyè sí i pé ohun tí Yorùbá ń pè ní ìmọ̀ ni ohun tí ojú ẹni gan-an rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí. Èyí tí wọ́n sọ fún ni, tó wá láti inú ìwé tàbí ẹnu elòmíràn, ìgbàgbọ́ ni: a gbà, a gbọ́. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ta ló ní ìmọ̀ nínú yàrá yẹn? A rò pé àwa ni, torí ojú wa la fi rí 94. Ṣùgbọ́n kí ni a rí? Ojú ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, láti orí ìmọ́lẹ̀ dórí àtẹ ìṣirò, gbígbà la gbà á, gbígbọ́ la gbọ́ ọ. Bàbá nìkan ló wà nídìí èémí náà. A mú ìgbàgbọ́ tiwa, a pè é ní ìmọ̀. A mú ìmọ̀ tiwọn, a pè é ní àròyé àgbà.

Kí ẹnì kan má wá tìtorí èyí ju ẹ̀rọ rẹ̀ sí kòtò o. Ara náà máa ń tan ni jẹ. Màmá wa ń jó níbi ìsìnkú ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà ní 180 lórí 110. Wọ́n ní kò sí ibi kankan tó ń dun àwọn, òótọ́ sì ni. Lásìkò Kòrónà, àwọn kan ń tẹ fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Àwọn tó sì tú àṣírí ẹ̀rọ ìka, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n, nọ́ńbà ni wọ́n fi mú nọ́ńbà.

Ìbéèrè tó ń jẹ wá lọ́kàn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ mọ́. Níbi iṣẹ́ wa, pátákó ńlá kan wà tó máa ń ní àwọ̀ ewé tí gbogbo nǹkan bá ń lọ geerege. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà kan pè, ó ní owó òun kò wọlé. Àwọ̀ ewé ni pátákó wà látòkèdélẹ̀. Ṣé a ní kó lọ sùn, pé pátákó kì í purọ́? Rárá o. Mẹ́rin nínú wa ló dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, a tú kóòdù títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì bá àṣìṣe náà níbi tí pátákó kò ní ojú tó lè dé. Òfin wa nìyẹn: tí oníbàárà bá ní ó bàjẹ́, ó bàjẹ́, títí a ó fi rí ìdí rẹ̀. A mọ òfin yìí dáadáa ní ọdún 2021. Kí ló dé tí a kò lò ó nílé? A ti ronú sí i títí, ìdáhùn tí a rí kò dùn mọ́ wa nínú: oníbàárà lè kó owó rẹ̀ lọ. Bàbá wa kò ní ibì kan tí wọ́n máa kó ara wọn lọ.

A ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kí ni, ṣebí àwa náà la san owó ilé ìwòsàn.

Ẹ̀rọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tí a bá pè, wọn á ti fi há ìka kí a tó béèrè. Wọn á ní, “97. Ẹ̀rọ yín ní mo wà láàyè.” A ó ní a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà a ó ní, “Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá?” Wọn á bẹ̀rẹ̀, láti orí iṣu dórí ẹni tó gún un, dórí iye tí wọ́n ń ta iṣu nísinsìnyí, àwa ò ní sọ nǹkan kan, à ń tẹ́tí sí ibi tí gbólóhùn ti já. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Àyà wa já. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbogbo ìgbà lẹ máa ń béèrè ohun tí mo jẹ. Ṣé ẹ fẹ́ fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́ ni?”