Ẹni Tó Wà Níwájú Rẹ

Ka Númérì 11:26–29.

Olùfẹ́, ó ṣeé ṣe kí orúkọ ẹnì kan ti bá ọ jí ní Minna láàárọ̀ yìí: ọ̀gá tí kò tíì fẹ̀yìn tì, tàbí ẹni tí àwọn oníbàárà ń wọ́ tọ̀ ní ọjà Kure, nígbà tí ìwọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ń lé eṣinṣin.

Jẹ́ kí n sọ ti Yasmani Acosta fún ọ, ọmọ Kúbà, oníjàkadì abara-ńlá. Nínú irú ìjàkadì tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Greco-Roman, o kò gbọ́dọ̀ di ẹlẹ́gbẹ́ rẹ mú nísàlẹ̀ ìbàdí, o kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àyà ko àyà ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú wá sí Òlíḿpíìkì fún ìwọ̀n kan. Ní Kúbà, Mijaín López ni ẹni náà. Ó ti gba wúrà ní 2008 àti 2012, kò sì ṣe bí ẹni tó ń lọ síbì kan. Ní 2015, Acosta bá ìdíje lọ sí Chile, kò padà sílé mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ sìkiórítì níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó walẹ̀. (Mi ò ní kí ìwọ náà palẹ̀ ẹrù mọ́ o!)

López tún gba wúrà ní 2016, ó tún gbà á ní Tokyo ní 2021. Ọwọ́ òfo ni Acosta bá kúrò ní Tokyo.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 2024, Acosta dé àṣekágbá ní Paris. Ta ló bá níbẹ̀? López náà ni. Àmì mẹ́fà sí òdo ni López fi nà án, ó gba wúrà karùn-ún, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lórí máàtì, ó sì fẹ̀yìn tì. Acosta mú fàdákà lọ sí Chile, tí kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan rí nínú ìjàkadì Òlíḿpíìkì.

Àwọn ọdún tó wà láàárín ni mo máa ń rò. Ẹni tó wà níwájú kò yẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń lágbára sí i.

Àdúrà tiwa ńkọ́? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, èmi náà ti fi ohùn há lórí rẹ̀ nínú ìṣọ́ òru: Olúwa, ẹni tó jókòó sórí ìjókòó mi, gbé e kúrò! Jóṣúà wà lẹ́yìn Mósè ní aginjù ní ọdún gbọọrọ. Nínú ẹsẹ tí a kà, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ló ṣe ń jowú. A kò kà á níbì kankan pé ó ní kí Mósè tètè kú.

Kò rọrùn, olùfẹ́. Ọjọ́ mìíràn, ohun tí a lè sọ kò ju pé, “Bàbá, inú mi ò dùn sí i.” Ó ń gbọ́ ìyẹn náà.

Kí o tó jáde lónìí, dárúkọ ẹni náà níwájú Ọlọ́run, kí o tọrọ àlàáfíà fún un. Bí ó bá dún bí irọ́ létí ara rẹ, tún un tọrọ.